Fóònù Olówó Ńlá Níbi tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kò Yá

Ọ̀ràn kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìrẹsàadú àti Ìrẹsàapá, títí dé Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, tí ó yẹ kí ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin alákọ̀wé bá wa gbé yẹ̀wò. Ó ha tọ́ kí ẹni tí ń gbé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò yá ra fóònù tí owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan náírà lọ bí? Àwọn kan ní ohun tí ó dára ni kí ènìyàn rà. Àwọn mìíràn ní àṣehàn lásán ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì.

Àwọn tí ó ní kí a rà á ní ẹjọ́ í rò. Àwòrán tí fóònù ńlá ń yà, àti ìwé tí ó ń tọ́jú pamọ́, kò dúró de òpó kankan. Ó sì lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Google ṣe ìlérí ní 2023 pé òun yóò máa tún ètò inú fóònù Pixel 8 ṣe fún ọdún 7. Samsung sọ irú rẹ̀ nípa Galaxy S24 ní 2024. Wọ́n wá ní: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá tíì dé lónìí, yóò bá fóònù náà lọ́wọ́ wa lọ́la.

Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀la yìí gan-an ni a kò ti lè bá wọn lọ. Oṣù Kẹjọ 2001 ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Oṣù Kejìlá 2021 ni àjọ NCC ta ìgbì 5G ní gbàǹjo, tí MTN àti Mafab sì gbà á ní mílíọ̀nù 273.6 dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan. MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 2022, Airtel tẹ̀lé e ní 2023. Àwọn ìlú ńláńlá ni ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀, nítorí oníṣòwò kì í gbé ọjà rẹ̀ lọ síbi tí kò ti rí èrè.

Ìdí mìíràn wà pẹ̀lú. Ìgbì 3.5 GHz tí wọ́n tà nígbà náà lè ru ẹrù púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà, ògiri sì tètè ń dá a dúró. Àwọn ìgbì ìsàlẹ̀, bíi 700, 800 àti 900 MHz, ni ó ń rìn jìnnà. Nítorí náà, òpó 5G gbọ́dọ̀ pọ̀, kí wọ́n sì súnmọ́ ara wọn. Òpó kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ iná àti ọ̀nà tí dátà yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oko àti abúlé ni irú rẹ̀ yóò dé gbẹ̀yìn. Fóònù kò sì lè fa ohun tí òpó kò rán.

Ẹ rántí ẹṣin Ọ̀yọ́ àtijọ́. Lórí pápá, ta ni ó lè dúró níwájú rẹ̀? Ṣùgbọ́n nínú igbó dídí, igi dí i lọ́nà, àìsàn tí eṣinṣin igbó ń kó ràn án sì ń pa á. Àbùkù ẹṣin kọ́. Ibi tí a mú un lọ ni.

Ẹ wo owó náà pẹ̀lú. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ, gẹ́gẹ́ bí òfin 2024, jẹ́ 70,000 náírà. Fóònù 1,400,000 náírà jẹ́ owó iṣẹ́ ogún oṣù gbáko. Ní 2025 ni NCC sì gba àwọn ilé-iṣẹ́ láyè láti fi tó 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye tí wọ́n ń gbà. Ẹni tí ó ná gbogbo owó rẹ̀ lórí fóònù, kí ni yóò fi ra dátà?

Ìdájọ́ wa nìyí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwòrán yíyà, tàbí tí ó ń ṣòwò lójoojúmọ́ ní ìlú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti yá, tí owó rẹ̀ sì tó o, kí ó rà á. Kí àwa yòókù ra èyí tí ó mọ níwọ̀n, tí bátìrì rẹ̀ lágbára, tí ó gba síìmù méjì, tí ó sì ń gbọ́ àwọn ìgbì ìsàlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, kí ó yá fóònù, kí ó fi síìmù ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dán an wò nílé, ní ṣọ́ọ̀bù àti lóko, lówùúrọ̀ àti lálẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olóyè, fóònù nìkan kọ́ ni ọ̀ràn yìí. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti 2003 dá owó àkànṣe kan sílẹ̀, tí à ń pè ní USPF, fún ibi tí àwọn oníṣòwò kò fẹ́ dé. Kí ìlú kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú orúkọ gbogbo abúlé tí ohùn kò ti dé. Kí ẹni tí a rẹ́ jẹ fi ẹ̀sùn rẹ̀ tó NCC létí lórí 622. Kí a má ṣe bu owó ilẹ̀ tí kò ṣe é san lé ẹni tí ó fẹ́ gbé òpó wá. Kí a sì máa ṣọ́ wáyà wọn, nítorí àṣẹ Ààrẹ ní 2024 ti sọ ọ́ di ohun-ìní tí ìjọba ń dáàbò bò. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí a kọ́kọ́ bèèrè ohun tí òpó ń rán, kí a tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta fóònù.