Ẹmu Tí Kì Í Kan Kì Í Ṣe Ẹmu

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ẹmu tí wọ́n gbé dé nínú kẹ́ẹ̀gì ní òwúrọ̀ a ṣì máa dùn bí oyin ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Oníbàárà á mu ún, á yin ẹlẹ́mu, á sì tún bèèrè òmíràn. Ohun tó yẹ kó kọ ọ́ lóminú gan-an ni ó ń yìn.

Iṣẹ́ ẹmu dídá kò mọ irú adùn bẹ́ẹ̀ rí. Adẹ́mu a fi igbà gun ọ̀pẹ láàárọ̀, a tún gùn ún nírọ̀lẹ́. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó ń rẹ́ ojú ibi tí ẹmu ti ń sun, nítorí bí ọ̀bẹ bá wọlé jù, ọ̀pẹ á ṣèṣe. Bí kò bá sì rẹ́ ẹ tó, ojú ọgbẹ́ á dí, ẹmu kò ní sun mọ́. Kí ó tó sọ̀kalẹ̀ ni ìwúkàrà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú akèrègbè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọtí inú rẹ̀ lè tó ìdá 4 nínú 100. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ń kan. Bí wọ́n bá tún fi í sílẹ̀, ó di ọtí kíkan. Adẹ́mu tó mọṣẹ́ kì í fi èyí pamọ́. Ti àárọ̀ wà fún ẹni tó fẹ́ adùn, ti àná wà fún ẹni tó fẹ́ kí ó ta òun lẹ́nu.

Báwo wá ni adùn ṣe ń wà títí di alẹ́? Wọ́n ń bomi là á, wọ́n sì ń fi sákárììnì dá adùn tí omi lé lọ padà. Ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi náà ru ẹlẹ́mu. Ṣùgbọ́n ta ni ń yínmú sí ẹmu tó kan, tó sì ń ná ti àárọ̀ ní ìnákúnàá? (Ẹni tí kò bá fẹ́ kíkan rárá, ẹlẹ́rìndòdò pọ̀ lórí àtẹ.)

Àìbèèrè ohun tó wà nínú ife ti pa ènìyàn rí. Láti ara ẹmu ni wọ́n ti ń sè ògógóró. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ojú àwọn kan ṣókùnkùn ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n sì kú. Àwọn ará ìlú kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò ní mẹ́tánọ́ọ̀lù ni. Ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ògógóró lọ́dún náà, ó kó ẹni tó ń sè é bó ti yẹ àti ẹni tó ń ta májèlé sínú àpò kan ṣoṣo. Òfin bẹ́ẹ̀ kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìyàtọ̀ àárín iṣẹ́ ọwọ́ àti ayédèrú.

Oníbàárà ni ó lè ṣe ìyàtọ̀ náà. Kí ó bi ẹlẹ́mu léèrè ìgbà tí wọ́n dá a. Bí ó bá ní ti àná ni, tí ó sì ń dùn bí oyin, kí ó dá ife rẹ̀ padà fún un.