Ìwé-Àṣẹ Ilé Ìwòsàn: A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí



Ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ èrò gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì. Ṣé ẹni tó fẹ́ la ikùn aláboyún kò yẹ kó ní tirẹ̀? Òfin ti wà lórí èyí. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, tí wọ́n buwọ́ lù ní 2014, sọ ní abala 13 pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ láìní ìwé-ẹ̀rí pé ó kún ojú òṣùwọ̀n. Kódà, ó kan ìjọba fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ìlànà àti àbẹ̀wò ilé ìwòsàn aládàáni wà jù. Ní Èkó, àjọ HEFAMAA ló ń ṣe é. Ní tiwa, Àkúrẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Èrò tèmi ni pé kí ìlànà náà le, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ ohùn wa kí wọ́n tó kọ ọ́.

*Àkọ́kọ́:* ìwé kan ṣoṣo lára ògiri kò tó. Ilé tó mọ ibà tọ́jú lè má yẹ fún iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ abẹ ń fẹ́ ẹni tó mọ oògùn oorun lò, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti iná tí kì í kú. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ ń fẹ́ omi tí wọ́n sẹ́ lọ́nà àkànṣe. Nítorí náà, kí ìwé-àṣẹ dárúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú, kí wọ́n sì gbé e kọ́ síbi tí ojú wa yóò tó o.

*Èkejì:* bí wọ́n bá ti ilé ìwòsàn pa, níbo ni ká lọ? Ọmọ tó ń bọ̀ lóru kò ní dúró de ìjọba. Ohun tó lè pa èèyàn lónìí, bí ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò yẹ̀ wò, kí wọ́n dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ṣeé tún ṣe, bí ìwé àkọsílẹ̀ tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n dá ọjọ́ fún un. Ilẹ̀kùn tí wọ́n bá sì tì, kí wọ́n lẹ orúkọ ibi tó súnmọ́ jù tó ṣí mọ́ ọn lára.

Àwọn kan á ní, “Kí ni àgbẹ̀ mọ̀ nípa ìṣègùn?” Lóòótọ́, dókítà ló mọ bí ọ́síjìn ṣe gbọ́dọ̀ tó. Àwa la mọ bí ọ̀nà ṣe ń rí lásìkò òjò, iye tí ọlọ́kadà ń gbà lóru, àti ilé tí wọ́n ti ń ṣe ohun tí kò yẹ. Ìlànà tó bá pa ọ̀kan tì yóò tiro.

Ìpínlẹ̀ wa ti rí irú rẹ̀ rí. Nínú ètò Agbẹ̀bíyè tí ìjọba Mímikò gbé kalẹ̀ ní 2014, wọn kò kàn lé àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ kiri. Wọ́n pè wọ́n jókòó, wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn, wọ́n sì ń fún wọn lówó fún aláboyún tí wọ́n bá mú wá sí ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù: òṣìṣẹ́ oko rọ́bà, ìyálọ́jà, awakọ̀, àgbẹ̀. Ká kọ ọ́ sí ojú ewé kan: ìtọ́jú tí a kò ní, ọ̀nà tó ń dá wa dúró, ohun tó ń bà wá lẹ́rù. Aṣòfin méjì ni Òdìgbó ní nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. Ká fi ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì àti ilé-iṣẹ́ ètò ìlera, ká sì tọ́jú ẹ̀dà tiwa.

Kó tó dìgbà náà, bí wọ́n bá ní iṣẹ́ abẹ yá, ẹ bèèrè: ta ni yóò ṣe é? Ta ni yóò fún un ní oògùn oorun? Ìwé-àṣẹ rẹ̀ dà? Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Bó bá sì jẹ́ pàjáwìrì, ẹ rántí pé abala 20 òfin yẹn kan náà sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì fún ìdí yòówù.

Orí tiwa ni wọ́n fẹ́ fá. Ẹ jẹ́ ká wà níbẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, ìjọ yín àti mọ́ṣáláṣí yín.