Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Fi Ẹsẹ̀ Gun Òkè Ìdànrè

Ilẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ wa wà ní Fọlá Àgòrò tẹ́ pẹrẹsẹ. Bẹ̀rẹ̀ láti Ṣómólú títí dé etí ọ̀sà ní Bárígà, kò sí òkè kan tí ọmọdé lè gùn. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí ó dábùú títì àti àtẹ̀gùn ilé alájà ni ibi gíga tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀. A kò lè dá wọn lẹ́bi, ibi tí Olúwa fi wọ́n sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yìí, tí oníkálukú sì ń dá àbá ohun tí a ó fi ṣe ìrántí rẹ̀, àbá tèmi kò jẹ mọ́ ilé kíkọ́ tàbí aṣọ àjọ̀dún. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà lọ sí Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó fún ọjọ́ mẹ́rin, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn gun òkè náà, kí amọ̀nà tí ó jẹ́ ọmọ bíbí ìlú náà sì mú wọn yí ìlú ahoro tí ó wà lókè ká. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò kọ̀ nítorí owó, àwọn kan nítorí ọ̀nà, àwọn mìíràn nítorí ìgbàgbọ́. Àwọn tí ó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Òkè Ìdànrè kì í ṣe òkè kan ṣoṣo. Àwọn àpáta ńláńlá ni, tí wọ́n dúró ti ara wọn, tí àfonífojì sì wà láàrin wọn, èyí tí ó ga jù nínú wọn sì ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà. Lórí àpáta wọ̀nyí ni àwọn ará Ìdànrè tẹ ìlú dó sí, tí wọ́n sì gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti wá. Ní ayé ogun, kò sí odi tí ó dà bí àpáta. Ẹni tí ó wà lókè ti rí ọ̀tá láti òkèèrè. Ọ̀tá tí ó bá sì ń pọ́n òkè bọ̀, yóò ti mí hẹlẹ kí ó tó dé ibi ìjà. Nígbà tí ogun dáwọ́ dúró, tí kòkó di iṣẹ́ tí ń mú owó wọlé, tí ọ̀nà mọ́tò sì gba ìsàlẹ̀, ohun tí ó jẹ́ ààbò tẹ́lẹ̀ wá di ìnira. Ta ni yóò máa ru ẹrù sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta lójoojúmọ́? Ní àwọn ọdún 1920 ni àwọn ènìyàn ṣí lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ìlú wà títí di òní. Wọ́n fi ààfin Ọwá àtijọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀. Wọ́n fi kóòtù sílẹ̀, wọ́n fi ibojì àwọn ọba sílẹ̀, wọ́n fi ojúbọ sílẹ̀, wọ́n sì fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ni kí ẹ bá mi dúró lé lórí. Ọdún 1896 ni àwọn míṣọ́nnárì dá a sílẹ̀ lókè náà. Rélùwéè Èkó kò tíì dé Ìbàdàn nígbà náà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọ̀nà mọ́tò sí Ìdànrè. Ẹni tí ó gbé wàláà àti ìwé kíkà lọ síbẹ̀, orí ènìyàn ni ó gbé e, ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó sì fi gun àpáta. Bí a bá yọ CMS Grammar School kúrò, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1859 tí ó sì wà ní Bárígà báyìí, ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni mélòó ni ó wà ní àdúgbò wa tí ó lè pe ti orí òkè yẹn ní àbúrò? Ẹ̀gbọ́n ni ó jẹ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ tiwa, ẹ̀gbọ́n tí àbúrò kò tíì bẹ̀ wò rí. Ọmọ tí ó bá dúró sí ibẹ̀, tí ó wo ibi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ A, B, D ní ohun tí ó lé ní 120 ọdún sẹ́yìn, kò ní nílò ìwàásù gígùn kí ó tó mọ ohun tí ẹ̀kọ́ ná àwọn tí ó gbé e wá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn òbí tí ń sọ pé, “Ojúbọ ni ó kún orí òkè yẹn, n kò ní fi owó mi rán ọmọ mi lọ síbi òrìṣà.” N kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ni pé ojúbọ wà níbẹ̀, àwọn tí ń bọ Orósùn sì ń ṣe ọdún rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 17. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Átẹ́nì, ìlú tí ó kún fún ère, kò fi ọwọ́ bo ojú. Ó rìn yí ìlú náà ká, ó wo àwọn ohun tí wọ́n ń bọ fínnífínní, ó tilẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara pẹpẹ kan. Orí ohun tí ó kà níbẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilé àlejò ni ó jókòó sí, kí ni ì bá rí sọ?

Àwọn bàbá ìjọ nílẹ̀ wa náà kò fi ojú fo ohun àtijọ́. Àlùfáà ni Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Ọ̀yọ́ ni ó ti ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn, ẹnu àwọn arọ́kin ààfin ni ó sì ti gba púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ lónìí nípa Ọ̀yọ́-Ilé tí ó di ahoro. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù sí ọwọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́ ní ìlú òyìnbó, Johnson sì kú ní 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, kí ó tó jáde ní 1921. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther pàápàá, ọmọ ìlú tí ogun sọ di ahoro ni. Òṣogùn ni wọ́n ti mú un lẹ́rú ní 1821. Nígbà tí ó sì ń túmọ̀ Bíbélì, kò bẹ̀rù láti mú ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí kì í ṣe Kristẹni: ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni a ti gba “àdúrà” àti “àlùfáà” tí a ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí irú àwọn wọ̀nyí bá lè súnmọ́ ohun àtijọ́ láìsọ ìgbàgbọ́ nù, ó yẹ kí ọmọ tí a ti ń kọ́ ní Bíbélì láti kékeré lè wo ògiri amọ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a lọ láìmúra. Kí a má ṣe mú ìrìn-àjò náà bọ́ sí àkókò ọdún ìbílẹ̀. Kí olùkọ́ Bíbélì àti olùkọ́ ìtàn jọ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n mọ̀ pé wọn kò lọ bọ ohunkóhun, wọn kò sì lọ fi ohun ẹlòmíràn ṣe ẹlẹ́yà. Ojú ẹsẹ̀ kan wà lára àpáta níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ Agbóògùn. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kò lè bá a mu, ì báà tóbi, ì báà kéré, àfi ti àjẹ́. Mo mọ àwọn ọmọ wa. Wọn yóò tò sórí ìlà láti ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọn yóò sì máa fi ara wọn rẹ́rìn-ín títí tí a ó fi dé Èkó. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. A ti kó àwọn ọmọ wa lọ sí Badagry, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ní 1845 wà. A ti kó wọn dé Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ni wọ́n ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bọ̀, inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ti ń lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà. Olúmọ ti ní lífítì báyìí; ẹni tí ó bá fẹ́ lè dé orí rẹ̀ láìla òógùn. Ìdànrè kò rí bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni a ó gùn, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà fún ẹni tí èémí rẹ̀ bá ti kúrú. (Iye tí àwọn tí ó ti gùn ún ń pe àtẹ̀gùn náà kò dọ́gba. Kí àwọn olùkọ́ ìṣirò fi èyí ṣe iṣẹ́ fún wọn.) Ọjọ́ kìíní jẹ́ ti ọ̀nà àti ìsinmi. Ní ọjọ́ kejì kí wọ́n gun àtẹ̀gùn ní kùtùkùtù, kí wọ́n sì lo ọjọ́ náà nínú ìlú àtijọ́. Ní ọjọ́ kẹta kí amọ̀nà mú àwọn tí ara wọn le kọjá ibi tí àtẹ̀gùn parí sí, gba inú àfonífojì àti ẹ̀gbẹ́ àpáta, kí wọ́n lè mọ bí ó ti rí láti gbé ibi tí kò sí ọ̀nà tí a tẹ́. Ọjọ́ kẹrin ni kí wọ́n padà wálé.

Amọ̀nà yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ. Òkúta máa ń yọ̀, ó sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Yàtọ̀ sí èyí, òun ni ó mọ ìtàn. Láìsí ẹni tí yóò sọ pé ibí ni Ọwá ń jókòó sí, ibí ni àwọn ìjòyè ń pé jọ sí, àlàpà lásán ni ààfin jẹ́ lójú ọmọ Èkó. Àwọn ọmọ wa yóò tún gbọ́ Yorùbá Ìdànrè lẹ́nu rẹ̀, wọn yóò sì mọ̀ pé èdè wọn tóbi ju èyí tí wọ́n ń gbọ́ ní ibùdókọ̀ lọ. Ní orílẹ̀-èdè Peru, ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí ó lọ sí Machu Picchu, ìlú àwọn Inca tí ó wà lórí òkè. Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn tí ń rin gbogbo rẹ̀ máa ń lò. Ìjọba kò gbà kí ẹnikẹ́ni rìn ín láìsí amọ̀nà tí ó ní ìwé àṣẹ. Ènìyàn 500 péré ni wọ́n ń gbà láàyè lójúmọ́, àwọn amọ̀nà àti aláàárù wà nínú iye náà, wọ́n sì ń ti ọ̀nà náà pa ní oṣù Kejì ọdọọdún láti tún un ṣe. Gbogbo ayé ń lọ síbẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó lówó náà ń lọ.

Nílé níbí, Sukur ní Ìpínlẹ̀ Adámáwá, ìlú orí òkè tí ó ní ọ̀nà tí wọ́n fi òkúta tẹ́, ni ó kọ́kọ́ wọ ìwé àwọn ibi àjogúnbá ayé láti Nàìjíríà, ní 1999. Ìdànrè ti wà nínú ìwé àwọn tí ń dúró de ìyẹn láti 2007. Ògiri amọ̀ kò mọ bí a ti ń dúró de ìwé. Bí òrùlé bá ti jò, òjò ọdún mélòó kan tó láti mú un wó lulẹ̀, àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn yàrá kọ̀ọ̀kan náà kò sì ní wà títí. Àwọn ọmọ tí a ń sọ yìí ni ìjọba ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú ìwé ẹ̀gbọ́n wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó ní kí ó padà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wo ọ̀nà òkè òkun kí wọ́n tó parí ìdánwò àṣekágbá. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà, àkísà wa ni ó sì wà lórí àpáta yẹn.

Ti owó kò ṣòro tó bí a ti ń pè é. Ohun tí n kò ní fara mọ́ ni kí ó di ìrìn-àjò ọmọ olówó. Ọmọ télọ̀ àti ọmọ awakọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì náà. Kí a máa dá a díẹ̀díẹ̀ fún odindi ọdún kan, bí ìyá wọn ti ń dá àjọ lọ́jà, kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, pàápàá àwọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, sì gbé ti àwọn tí kò ní.

Ti ọ̀nà ni ó ń kan èmi náà lóminú. Òbí tí ó ń bẹ̀rù ajínigbé kò ṣàṣejù. Nítorí náà, kí a má ṣe rin òru rárá. Kí a kúrò ní Èkó bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, kí a bá àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ará Ìdànrè sọ̀rọ̀ ṣáájú, bí ìròyìn tí ó bá sì ti ibẹ̀ wá kò bá dára, kí a sún un síwájú láìjiyàn. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni ó yẹ kí a lọ, nígbà tí àpáta bá gbẹ.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé àkọsílẹ̀ dání, kí ó kọ ohun tí amọ̀nà bá sọ bí ó ti sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá dé, kí a yan èyí tí ó dára nínú rẹ̀, kí a tẹ̀ ẹ́ ní ìwé kékeré, kí a sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìdànrè. Àwọn òǹtẹ̀wé Ṣómólú kò jìnnà sí wa. Láti ẹnu-ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn dé ọ̀dọ̀ wọn.