Ìwé Tí A Kọ Lẹ́ẹ̀mejì

Kì í rẹ̀ wá láti máa wí fún àwọn ọmọ wa pé kí wọn ní ìforítì. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ìforítì ti rí gan-an, a kì í sábà fi hàn wọ́n.

Ní 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ní Ọ̀yọ́. A fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba fún títẹ̀, ó sì sọnù sí ọ̀hún. Ní 1901 àlùfáà náà kú.

Oníṣègùn ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson. Ta ni ìbá bá a wí bí ó bá sọkún tán, tí ó padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀? (Ní kíláàsì wa, ọmọ tí ìwé rẹ̀ bá sọnù a máa bẹ̀bẹ̀ pé kí a fojú fo iṣẹ́ náà.) Dókítà kó àjákù àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní 1916, àwọn Jámánì mú ọkọ̀ Appam tí ó gbé ìwé náà, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé tó dé ọwọ́ atẹ̀wé.

Àwa kò gbà pé ìpọ́njú fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ni ní ìwà. Ó ti ba ìwà ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Ọjọ́ tí ọkùnrin yìí jókòó ti ojú ìwé kìíní lẹ́ẹ̀kejì ni a ń sọ.

Ó kú ní 1920. Ìwé náà jáde ní 1921.