Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ìjìyà

1. “Tó ò bá kàwé, màá mú ẹ lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì!” Ta ni wọn ò sọ ọ́ fún rí nínú wa? 😂 Ìhàlẹ̀ yẹn ló ń jà wá báyìí: ẹni tó kọ́ṣẹ́ ń tijú, ẹni tó kàwé ń wáṣẹ́.

2. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Èkó, kẹ́ ẹ béèrè ẹni tó ń lẹ táìsì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ Kútọnu tàbí Tógò ni. Wọn ò gbaṣẹ́ wa o. Wọ́n fara balẹ̀ kọ́ṣẹ́ ni.

3. Ìjọba náà jẹ̀bi. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n kó ẹ̀rọ wá fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, inú àpótí ló dógùn-ún sí. Kò síná, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò.

4. Mo gba dìgírì, mi ò kábàámọ̀. Àmọ́ tọ́mọ mi bá ní iṣẹ́ wẹ́dà ló wu òun, mi ò ní sunkún. Màá wá ọ̀gá gidi fún un, á sì ṣe ìdánwò NABTEB, kó níwèé ẹ̀rí lọ́wọ́.

5. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fiṣẹ́ dẹ́rù ba ọmọ. Ohun téèyàn ń sá fún, kò lè mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.