Ẹsẹ̀ Gìrìgìrì Nílé Àǹjọ̀fẹ́

Àwọn àgbà ní, "Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé Àǹjọ̀fẹ́, Àǹjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan." Ẹni tó bá ń wá ibi tí òwe yìí ti ṣẹ lójú ayé, kó wọ kẹ̀kẹ́ ní Warri, kó ní Ogunu lòun ń lọ. Ibẹ̀ ni Shell fi ṣe olú ibùdó iṣẹ́ epo rẹ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn Niger Delta fún ọ̀pọ̀ ọdún, Edjeba tí kò jìnnà sí i sì ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbé. Olóúnjẹ, onímọ́tò, télọ̀ tó ń rán aṣọ iṣẹ́, agbaṣẹ́ṣe ńlá àti agbaṣẹ́ṣe tí gbogbo ọ́fíìsì rẹ̀ kò ju fáìlì abẹ́ apá lọ, ẹnu géètì yẹn ni gbogbo wọn ń yí ká. Ìjà ẹ̀yà bẹ́ sílẹ̀ ní 1997, ó tún rú yọ ní 1999, ó sì gbóná janjan ní 2003. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ ọ̀hún kó àwọn ọ̀gá àti ọ́fíìsì lọ sí Port Harcourt. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2025, Shell parí títa SPDC, ẹ̀ka tó ń wa epo orí ilẹ̀, fún ilé iṣẹ́ Renaissance. Orúkọ tí àwọn kan fi fẹ́ ìyàwó ní Warri láyé ọjọ́sí ti di ìtàn.

Ẹ̀kọ́ wo ni ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ Yorùbá tó wà ní Ogunu lónìí rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Èyí tí mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé, bí ilé iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá lè palẹ̀ ẹrù mọ́, kí ni tèmi? Kí n gba owó mi, kí n máa lọ. Wọ́n tún ní òwe tí wọ́n fi ń gbè é lẹ́sẹ̀: àjò kì í dùn kí onílé má relé. N kò bá òwe náà jà. Ṣùgbọ́n kí onílé relé ló wí. Kò sọ pé kó má tú ẹrù rẹ̀ níbi tó dé. Ohun tí mo rò ni pé àwọn tó jẹun ní Ogunu láìgbé Ogunu ló pọ̀ jù, ìyẹn ló jẹ́ kí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo lè lọ kí àdúgbò sì dákẹ́. Ọ̀dọ́ tó ń gbé ìlú bí ẹni tó dúró de bọ́ọ̀sì ń tún àṣìṣe yẹn ṣe, owó ara rẹ̀ ló sì fi ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan nínú wọn. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín. Ọmọ Ìbàdàn ni, tàbí ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó kàwé ẹnjiníà, ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn elépo ṣiṣẹ́ sì gbà á ní kọ́ńtíráàtì: ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi, ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Ó gba self-contain kan, ó san owó ọdún kan, ó san ti ejẹ́ńtì, ó san ti àgírímẹ́ǹtì. Ọdún kejì rèé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni fóòmù rẹ̀ ṣì wà. Kò ra kọ́tìnì, ó ní òun ò ní pẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì orí omi bá ti pé, kì í sun oorun ọjọ́ kan sí Warri. Effurun ló ń sáré lọ, ó di ọkọ̀ Èkó, ó gba Sapele, ó gba Benin, ó gba Ọ̀rẹ̀, ilẹ̀ a ṣú bá a lọ́nà. Ó dé Èkó tán, kò nílé níbẹ̀ náà. Àga gbọ̀ọ̀rọ̀ inú pálọ̀ ọ̀rẹ́ ló ń sùn sí. Ẹ bi í léèrè, á ní òun ń tọ́jú owó. Owó wo? Ṣé ti ilé tó san tí kò gbé ni, àbí ti ọkọ̀? Tàbí ti oúnjẹ tó ń rà lójoojúmọ́ nítorí pé kò ní ìkòkò?

Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ènìyàn laṣọ, tiwa sì ni òwe yẹn. Bí ibà bá mú ọ̀gbẹ́ni yìí láàjìn, nígbà tí iná ti lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì ti dákẹ́, ta ni yóò kan ilẹ̀kùn fún? Kò mọ orúkọ ará yàrá kejì. Ìyá akẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Urhobo kú. Ìsìnkú àwọn Urhobo, ẹni tó bá dé ibẹ̀ rí mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ wákàtí kan, odindi òpin ọ̀sẹ̀ ni. Ó fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, ó sì gba Èkó lọ. Kò mọ̀ pé abẹ́ kánópì yẹn gan-an ni ọ̀gá kan ti ń sọ fún èkejì pé àyè kan fẹ́ ṣí níbi iṣẹ́ òun, pé òun ń wá ọmọ gidi kan. Ta ni wọn yóò dárúkọ? Ẹni tó jókòó tì wọ́n ni. Nígbà tó bá pa dà dé, á máa kùn pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n ní Warri. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà lóòótọ́, n kò sẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dé bá ọ̀gbẹ́ni yìí.

N kò wá fi Warri ta ọjà fún yín. Àwọn ọmọ àdúgbò tó ń gba owó "deve" lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù, wọ́n wà. Onílé tó ń béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà wà, iná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, bí òjò bá sì rọ̀ ọ̀pọ̀ òpópónà a di odò. Ẹni tó bá ní ìjà ọdún 2003 ṣì ń ba òun lẹ́rù kò purọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ lórí àríyànjiyàn wọ́ọ̀dù ìdìbò ní Warri ní 2022, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì rọlẹ̀ láàárín Ìṣẹ̀kiri, Urhobo àti Ìjọ̀. Àlejò kò ní ohun tí yóò sọ nínú ta ló ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn má dá sí ìjà onílé, ọ̀tọ̀ ni kó má kí onílé.

Ọ̀pọ̀ ohun tí ọ̀dọ́ wa ń sá fún níbẹ̀ ló jẹ́ èrè. Ayọ̀ Makun, aláwàdà tí gbogbo ayé ń pè ní AY, ọmọ Ìfọ́n ní Ìpínlẹ̀ Òndó ni. Warri ló dàgbà sí, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Delta ní Abraka ló sì ti kẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé. Pidgin ìgboro Warri àti ẹ̀fẹ̀ àwọn ará ibẹ̀, tí ọmọ Yorùbá mìíràn ń pè ní ariwo, ni AY fi ṣe òwò tó gbé e dé orí ìtàgé ńlá àti fíìmù bíi 30 Days in Atlanta ní 2014. Ká ní àwọn òbí rẹ̀ tì í mọ́lé pé àwọn ò ní pẹ́ ńkọ́? Èdè Ìṣẹ̀kiri pàápàá, ìbátan tiwa tímọ́tímọ́ ni. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀ yóò máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ká tó wá sọ ti stáàṣì àti ọbẹ̀ bàńgà, tàbí ukodo gbígbóná ní àárọ̀ Sátidé tí òjò bá ń rọ̀. Àánú ẹni tó fi ìyẹn sílẹ̀ lọ jẹ búrẹ́dì nínú gosiló Ṣàgámù ń ṣe mí.

Ẹ tún rántí àwọn obìnrin ìlú Ugborodo. Ní oṣù keje ọdún 2002, wọ́n wọ ibùdó epo Chevron ní Escravos láìgbé ìbọn, ìyálé àti ìyá àgbà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n sì dúró síbẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ilé iṣẹ́ náà jókòó bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì ṣèlérí iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wọn, iná, omi àti ilé ìwé. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó kún inú ọ́fíìsì nígbà náà, tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbé wá tó sì ń gbé lọ, kò sí èyí tó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbà fún ìlú. Ẹni tí ibẹ̀ jẹ́ ilé fún ló lè jókòó títí ẹnìkejì yóò fi sọ̀rọ̀.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ọkàn tán ilé iṣẹ́. Ilé ìfọpo Warri tí wọ́n ṣí ní 1978 láti máa fọ àgbá 100,000 lójúmọ́ ti dákẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà ju bó ti ṣiṣẹ́ lọ láti ìgbà pípẹ́ wá. Wọ́n ní ó ti jí ní òpin 2024, kò pé oṣù kan tó tún fi sùn. Ilé iṣẹ́ irin Aladja ńkọ́? Àwọn yẹn ni kí a má gbára lé; ìlú ni kí a mọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Ujevwu, lẹ́bàá Warri, lọ sí Itakpe, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1987 tí wọn kò ṣí títí di 2020, ẹ wo iye ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ Yorùbá ní Ogunu tí kò wọ̀ ọ́ rí, tí kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́. Wọ́n mọ gbogbo ibùdókọ̀ Èkó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní Ogunu, Edjeba àti Effurun, ẹ ra kọ́tìnì. Ẹ lọ síbi ìsìnkú ìyá akẹgbẹ́ yín. Ẹ sì wo káàdì ìdìbò tó wà nínú àpò yín: bí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ló bá ṣì wà lára rẹ̀, INEC, àjọ elétò ìdìbò, gbà kí ènìyàn gbé orúkọ rẹ̀ wá síbi tó ń gbé, wọn kì í gba owó. Bí ètò ìforúkọsílẹ̀ bá ti ṣí, ẹ gbé e wá sí ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ ń sùn sí, ìbáà ṣe Warri South tàbí Uvwie, torí kò sí káńsílọ̀ Ìbàdàn tó lè tún ọ̀nà Ogunu ṣe fún yín.