Ọ̀rọ̀ méje lórí òrùlé: ta ló ni pátákó, ta ló ni ẹnu?

Ayálégbé san owó ilé pé, kò jẹ lánlọ́ọ̀dù ní kọ́bọ̀. Ṣé ó wá lè kọ ohun tó bá wù ú sára ògiri? Ìbéèrè yìí ló dá arukutu sílẹ̀ ní ìlú Pittsburgh, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 2018. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé gan-an o. Ọ̀rọ̀ pátákó ni.

Pátákó ìpolówó kan ló wà lórí òrùlé ilé kan ní àdúgbò East Liberty, níbi tí Highland Avenue ti pàdé Baum Boulevard. Gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 36. Irú pátákó tí àwọn oníléeṣẹ́ máa ń háyà láti fi polówó ọtí, ọṣẹ àti mọ́tò ni, kí ẹni tó ń kọjá lọ lè gbójú sókè kó sì ya sí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba èyí kò ní ọjà kankan tó fẹ́ tà. Jon Rubin lorúkọ rẹ̀, oníṣẹ́ ọnà ni, ó sì ń kọ́ni ní yunifásítì Carnegie Mellon. Ó sọ pátákó náà ní The Last Billboard, bí ẹni ń wí pé pátákó tó kẹ́yìn pátá nìyí.

Àwọn ará Pittsburgh mọ Rubin sí ẹni tó máa ń ṣe nǹkan báyìí. Òun àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Dawn Weleski ló ṣí búkà kan níbẹ̀ lọ́dún 2010, tí wọ́n pè ní Conflict Kitchen. Oúnjẹ orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà bá ń bá ṣe gbọ́nmi-si-omi-ò-to ni wọ́n ń sè níbẹ̀. Wọ́n se ti Iran, wọ́n se ti Afghanistan, wọ́n se ti Kúbà. Ẹni tó bá ra oúnjẹ á bá ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú náà lára bébà tí wọ́n fi wé e. Ẹni tó lè fi bébà oúnjẹ sọ̀rọ̀, ṣé orí òrùlé ló máa wá dákẹ́ sí?

Bí ètò pátákó náà ṣe ń lọ nìyí. Lóṣooṣù, Rubin á pe ẹnì kan. Ẹni tí wọ́n pè kò ní gbé àwòrán wá, ọ̀rọ̀ ló máa mú wá. Wọ́n á wá to lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀rọ̀ náà á fi pé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣe máa ń to ẹsẹ Bíbélì síwájú ọgbà wọn. Tí oṣù bá yí, wọ́n á tú u, wọ́n á to ti ẹlòmíràn. Àwọn tó ń kọ sáínbọ́ọ̀dù á tètè rí ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀. Flex tí wọ́n bá tẹ̀ fún ìpolówó kan, tí ìpolówó náà bá ti kọjá, kò wúlò mọ́ àfi kí wọ́n fi bo igbá ọjà tàbí kí mẹkáníìkì tẹ́ ẹ sábẹ́ mọ́tò. Lẹ́tà tí wọ́n bá ti gbẹ́ sílẹ̀ ní tirẹ̀ kì í kú. Èyí tó sọ ọ̀rọ̀ àwàdà lóṣù yìí lè sọ ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Owó kékeré, iṣẹ́ ńlá.

Ìgbà tó di oṣù kẹta ọdún 2018 ló kan Alisha B. Wormsley, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ ọnà ní ìlú náà. Ọ̀rọ̀ tó mú wá kò ju méje lọ ní èdè Òyìnbó. Ohun tó ń wí kò ju pé àwọn ènìyàn dúdú ń bẹ lọ́jọ́ iwájú. Ó tán. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò dárúkọ olóṣèlú, kò ní kí wọ́n má ra ọjà ẹnì kankan. Sinimá ló ti mú un. Nínú àwọn fíìmù tí wọ́n fi ń ṣàfihàn ayé tó ń bọ̀, tí ènìyàn ń wọ ọkọ̀ lọ sínú ìràwọ̀, ojú aláwọ̀ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Bí ẹni pé wọ́n ti pín ọ̀la tán, wọn kò sì ránṣẹ́ pe àwọn kan.

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ lórí òrùlé. Lánlọ́ọ̀dù ní kí wọ́n tú u.

Kí ló dé? Rubin fi ọ̀rọ̀ síta ní oṣù kẹrin. Ó ṣàlàyé pé ibì kan wà nínú àgírímẹ́ǹtì tó ní lánlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ kọ síbẹ̀. Látọjọ́ tí wọ́n ti ń to ọ̀rọ̀ síbẹ̀, onírúurú ènìyàn, onírúurú ọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà á rí. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan àwọn ènìyàn dúdú ni wọ́n tó ṣí ìwé náà wò.

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ mọ ìwé yẹn. Òun náà ni èyí tí wọ́n máa ń ní kéèyàn tẹ̀ka sí kíákíá lọ́jọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́, tí inú rẹ̀ ń dùn, tí kò ráyè ka ìsàlẹ̀. Ọdún á lọ, ọdún á bọ̀, lánlọ́ọ̀dù á máa kí i, á máa bá a ṣeré. Ọjọ́ tí nǹkan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìsàlẹ̀ ìwé yẹn náà ló máa fà yọ. Nínú òfin, ọwọ́ onílé ló wà lókè. Rubin ní pátákó, onílé ní òrùlé.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kọ́ ló mú kí inú bí àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn East Liberty lè rò pé ariwo náà ti pọ̀ jù. Àdúgbò yẹn ti jẹ́ ibi ìtajà ńlá rí. Ní àwọn ọdún 1960, ìjọba wó ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ń tún ìlú ṣe. Àtúnṣe náà ló tú ọjà ká. Àwọn oníbàárà wábi gbà, ọ̀pọ̀ oníṣòwò kógbá wọlé. Àwọn tó kù síbẹ̀, tó pọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, fara da ìnira náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí àdúgbò náà wá ń dára padà, tí ṣọ́ọ̀bù olówó gọbọi ń wọlé, ni owó ilé bá fò sókè. Lọ́dún 2015, wọ́n há ìwé kúìtì fún àwọn tó ń gbé ní ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Penn Plaza, àwọn ènìyàn tó lé ní igba. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n fún wọn kí wọ́n kó jáde.

Ẹ wá fojú inú wò ó. Wọ́n ti kó àwọn ènìyàn kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wá gun òrùlé ní àdúgbò yẹn kan náà, ó ní àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣì máa wà. Wọ́n tún ní kí òun náà sọ̀ kalẹ̀! Ta ni kò ní bínú?

Àwọn kan ti ṣe ètò tó ju ti Rubin lọ fíìfíì, tí gbogbo rẹ̀ sì lọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, wọ́n gbé iṣẹ́ ọnà sórí pátákó ìpolówó tó tó 22,000 káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Art Everywhere ni wọ́n pè é. Àwọn tó ni pátákó fi àyè sílẹ̀, àwọn ará ìlú dá owó jọ bí ẹni dá èsúsú, wọ́n sì dìbò yan àwòrán 57. Èyí tó ta gbogbo wọn yọ ni The Lady of Shalott, tí J. W. Waterhouse yà lọ́dún 1888. Amẹ́ríkà náà ṣe tiwọn lọ́dún 2014. Ó dára, ó wuyì, àwọn tí kò wọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé rí rí àwòrán ńlá níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n obìnrin inú ọkọ̀ ojú omi tí òkú òyìnbó yà sílẹ̀ kò lè bá lánlọ́ọ̀dù kankan jà. Ti Pittsburgh ló le, torí pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣì wà láyé, àwọn tó ń sọ ọ́ fún náà sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́.

Nínú oṣù kẹrin yẹn kan náà, wọ́n pe ìpàdé gbogbo ènìyàn sí gbọ̀ngàn tíátà Kelly Strayhorn tó wà ní àdúgbò náà. Strayhorn tí wọ́n fi sọ gbọ̀ngàn náà ni Billy Strayhorn, ọmọ dúdú tó dàgbà ní Pittsburgh, tó wá di igi lẹ́yìn ọgbà fún Duke Ellington nídìí orin. Ọ̀rọ̀ pátákó ló gbé wọn débẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n bá níbẹ̀: ta ló ń kó jáde, ta ló ń kó wọlé, ta ló láṣẹ láti sọ pé òun wà.

Wormsley ní tirẹ̀ kò fi òrùlé kan ṣe gbogbo ayé. Ó jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ méje náà fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Ó tún wá owó, ó pín in ní díẹ̀díẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọnà àti àwọn tó ń jà fún àdúgbò, kí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ohun tó bá yé wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n rí i lórí pátákó ní Detroit, wọ́n rí i ní Houston, lórí òrùlé àti ògiri àwọn onílé mìíràn.